Ta Ló Fún Ìyùnadé Ní Idà?

Ọ̀sán Sátidé tí wọ́n gbé fíìmù Ilẹ̀kùn Afẹ́fẹ́ wá sí Kétu, gbọ̀ngàn àwọn ọ̀dọ́ kún dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn ọmọ ilé-ìwé jókòó sílẹ̀ níwájú, àwọn àgbà gba àga, àwọn tó pẹ́ dé láti Kpankou sì fara ti ògiri. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti ka ìwé tí wọ́n ti mú fíìmù náà jáde títí èèpo rẹ̀ fi ya. Olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì ní Pobè ló kọ ọ́. Ó sọ ìtàn Ìyùnadé, ọmọbìnrin tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ayé. Ẹsẹ̀ òsì Ìyùnadé kúrú ju ọ̀tún lọ. Ọba Ìjì tó fẹ́ fọ́ ilẹ̀kùn náà a máa ka ìṣísẹ̀ ẹni tó bá fẹ́ pa, ṣùgbọ́n kò rí ti Ìyùnadé kà, nítorí pé ẹsẹ̀ tó ń wọ́ nílẹ̀ ń da ìṣirò rú mọ́ ọn lójú. Ibẹ̀ gan-an ni ọmọ náà ti borí rẹ̀.

Romaric jókòó sáàárín ìyá rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan nínú ìlú. Philomène, ìyá rẹ̀, jẹ́ agbẹ̀bí. Ìdajì àwọn ọmọ tó ń pariwo nínú gbọ̀ngàn yẹn, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n bọ́ sí. Prudence, àbúrò rẹ̀, ti pé ọmọ ogún ọdún. Àìsàn kan ti mú ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ láti kékeré, ó sì ń wọ́ ọ nílẹ̀ bó bá ń rìn. Kò sẹ́ni tó mọ Ilẹ̀kùn Afẹ́fẹ́ tó o ní gbogbo Kétu. Òun ló dá ẹgbẹ́ àwọn òǹkàwé sílẹ̀ lórí Wasáàpù, òun ló sì ń darí rẹ̀.

Ara Romaric kò balẹ̀. Ohun tí ìyá àti àbúrò rẹ̀ kò mọ̀ ni pé ọmọbìnrin tó fẹ́ jáde wá lójú aṣọ funfun náà, tó ṣe Ìyùnadé, òun ni ìyàwó tí ó ń wá àyè láti mú wálé.

Ọlájùmọ̀kẹ́ ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Àgbẹ̀ Akíndé ní Adakplamè. Rédíò kan ní Kétu ni wọ́n ti pàdé, níbi tó ti ń ka ìkéde. Romaric gbé ìkéde ìwọlé kọ́lẹ́ẹ̀jì wọn lọ fún un. Ó wò ó, ó ní, "Mùsé olùkọ́, ta lẹ fẹ́ kó ka gbólóhùn yìí láìmí? Ẹ fẹ́ pa mí ni?" Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Romaric tún gbé ìkéde lọ. Ẹnikẹ́ni kò rán an. Jùmọ̀kẹ́ mọ̀, ó sì kà á lórí rédíò pẹ̀lú ojú líle bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ìjọba ni.

Nígbà tí wọ́n yàn án fún fíìmù, Romaric ló kọ́kọ́ pè. Inú Romaric dùn. Ó ní, "Àbúrò mi a yó fún ayọ̀. Kò sí ìwé tó fẹ́ràn tó o." Ó sọ bẹ́ẹ̀, kò sì sọ nǹkan kan nípa ẹsẹ̀. Nílé wọn, wọn kì í sọ ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ Prudence. Wọ́n ti sọ dídákẹ́ di àṣà ilé. Ó fẹ́ kó jẹ́ ìyàlẹ́nu tó dùn: kí wọ́n wo fíìmù tán, kí ó sì fa ọwọ́ Jùmọ̀kẹ́ wá síwájú ìyá rẹ̀.

Fíìmù bẹ̀rẹ̀. Ìyùnadé yọ lórí òkè, aṣọ pupa lára rẹ̀, ó sì sáré sọ̀ kalẹ̀. Ó sáré dáadáa. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì gún régé.

Kíkùn bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn. "Ẹsẹ̀ ọmọ náà ńkọ́?" Ẹnì kan ní kí wọ́n dákẹ́, pé bóyá yóò dé iwájú. Wọ́n ní sùúrù. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ọba Ìjì dé, kò ka ìṣísẹ̀ kankan. Ìyùnadé fa idà kan yọ lẹ́yìn rẹ̀, ó fò sókè, ó sì gé e lórí.

Ohùn ọkùnrin kan ta láti ẹ̀gbẹ́ ògiri: "Ta ló fún Ìyùnadé ní idà?"

Ẹ̀rín bú. Wọ́n ń súfèé, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀. Láàárín ariwo yẹn ni Prudence dìde. Ó gba àárín àwọn àga lọ sí ẹnu ọ̀nà. Bí àwọn ènìyàn ṣe rí i, wọ́n dákẹ́ díẹ̀díẹ̀, títí tó fi jẹ́ pé ohun kan ṣoṣo tí etí ń gbọ́ ni ẹsẹ̀ tó ń wọ́ lórí sìmẹ́ńtì. Philomène dìde tẹ̀ lé ọmọ rẹ̀. Romaric kò mọ èyí tí òun ì bá ṣe, ó jókòó.

Jùmọ̀kẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pèpéle, tó ń dúró láti kí àwọn ènìyàn. Ó rí ọmọbìnrin tó ń jáde lọ náà. Ó rí Romaric tí ọmọ náà dìde kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìgbà náà ló yé e pé àbúrò Romaric ni.

Síbẹ̀ wọ́n pè é sókè. Kò tíì la ẹnu tí igbe fi gba gbọ̀ngàn kan: "Dá ẹsẹ̀ rẹ̀ padà! Dá a padà!" Ẹnì kan ju ike omi. Jùmọ̀kẹ́ wá ojú Romaric láàárín wọn, ó sì rí i. Romaric tẹ orí ba, bí ẹni tó ń wá nǹkan tó bọ́ sábẹ́ àga.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ohùn Prudence ti dé inú pọ́rútábù, fóònù ọwọ́ gbogbo ẹni tó wà nínú ẹgbẹ́ náà.

"Ẹ̀yin ará mi, mo ti wò ó. Wọ́n ti pa Ìyùnadé. Kì í ṣe Ọba Ìjì ló pa á o, àwọn tó ṣe fíìmù ni. Wọ́n rí ọmọ tó ń tiro, ojú tì wọ́n, wọ́n bá tọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ fún un. Ọmọbìnrin tó sì gbà láti ṣe é, tó ń sá kiri bí ewúrẹ́ tó já okùn, kò nítìjú rárá. Kó má fi ojú kan Kétu mọ́."

Àwọn tó kù gbà á lẹ́nu rẹ̀, wọ́n sì sáré jù ú lọ. Ará Pobè kan ní ohùn Jùmọ̀kẹ́ nínú fíìmù rí bí ti ẹni tó ń lé ẹyẹ lóko. Òmíràn pè é ní Olè Ẹsẹ̀, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára. Nígbà tó yá, ẹnì kan gé orí rẹ̀ nínú fọ́tò, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ewúrẹ́, fọ́tò náà sì dé Adakplamè kí bàbá rẹ̀ tó ti oko dé.

Romaric wà nínú ẹgbẹ́ náà. Ó ń kà á nínú yàrá àwọn olùkọ́ nígbà ìsinmi, ó ń kà á lórí ibùsùn. Ó tẹ ọ̀rọ̀, ó pa á rẹ́. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé bí òun bá sọ̀rọ̀, òun ń gbé ọwọ́ sókè sí àbúrò òun. Bí òun bá dákẹ́ ńkọ́? Kò jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ dáhùn ìyẹn.

Jùmọ̀kẹ́ fi ọjọ́ mélòó kan kọ̀ láti gbé ìpè rẹ̀. Nígbà tí Romaric wá dúró níwájú rédíò, ó jáde sí i.

"O wà níbẹ̀," ni Jùmọ̀kẹ́ wí. "O wà nínú gbọ̀ngàn, o sì wà nínú Wasáàpù yẹn. Ọ̀rẹ́ mi fi hàn mí. Mo wá orúkọ rẹ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mi ò rí ọ̀rọ̀ kan."

"Jùmọ̀kẹ́, àbúrò mi ni."

"Mi ò ní kí o bú àbúrò rẹ. Ohun tó sọ nípa fíìmù, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìwọ ò sọ fún mi. Gbogbo ìgbà tí a fi ń sọ̀rọ̀, o ò sọ pé ọmọ náà ní ẹsẹ̀ bíi ti Ìyùnadé. Ká ní mo mọ̀ ni!"

"Ká ní o mọ̀, kí lò bá ṣe?"

Ọ̀rọ̀ náà bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ bó ṣe gbóná tó.

"Mi ò mọ̀," ni Jùmọ̀kẹ́ wí. "Ìwọ náà ò fún mi láyè láti mọ̀. Máa lọ sílé yín, Romaric. Ọkọ tó máa tẹ orí ba nígbà tí wọ́n bá ń ju ike lù mí, mo lè dá wà láìní in."

Romaric lọ. Kò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà, kò sì jẹ ní ọ̀sán kejì. Nígbà tí ìyá rẹ̀ gbé àkàsà àti ẹja wá síwájú rẹ̀ tó tún tì í sẹ́yìn, Philomène bèèrè ohun tó ń ṣe é. Ó sọ ọ́ tán.

Philomène kò pariwo. Ìyẹn ló burú jù. Ó jókòó.

"Ọmọ tó gba ẹsẹ̀ ọmọ mi, òun lo fẹ́ mú wá kó máa pè mí ní ìyá?"

"Màmá, kò gba ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni."

"Ìwọ wà ní Àbọ̀mì fún ẹ̀kọ́ rẹ nígbà náà, o ò mọ̀. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ń sín Prudence jẹ, ó kọ̀, kò lọ mọ́. Mo na án, mo bẹ̀ ẹ́, kò lọ. Ìwé yẹn ni mo kà fún un. Nígbà tí a dé ibi tí Ọba Ìjì ti ṣi ìṣísẹ̀ kà, ọmọ mi rẹ́rìn-ín. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó wọ káàkì ilé-ìwé rẹ̀. Kò sí fíìmù tó lè fi idà sí ibẹ̀ kí n sì pàtẹ́wọ́."

Prudence ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ti gbọ́. "Fofó," ló pè é, bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n lọ́kùnrin nílé wọn. "O mọ̀ ọ́n. O jókòó tì mí níbẹ̀, o sì mọ̀ ọ́n."

"Mo mọ̀ ọ́n. Mo dákẹ́ fún un, mo dákẹ́ fún ọ. Ó ti tó."

Ó mú pọ́rútábù rẹ̀ níwájú wọn, ó sì sọ̀rọ̀ sínú ẹgbẹ́ náà. "Èmi Romaric ni. Ọlájùmọ̀kẹ́ tí ẹ ń fi ṣe ewúrẹ́, èmi ni mo fẹ́ fẹ́ ẹ, bó bá ṣì gbà. Ẹ bú fíìmù náà bó ṣe wù yín, ó tọ́ sí i. Ẹ yọ ẹnu kúrò lára ọmọ ọlọ́mọ."

Prudence yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́ lójú ẹsẹ̀, ó sì wọlé lọ. Àwọn tó kù dojú ọ̀rọ̀ kọ Romaric náà. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, wọ́n ti ya idà sójú pátákó kíláàsì rẹ̀. Ó nu ún kúrò, ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́.

Falilatou gbọ́. Àbúrò ìyá tó bí Jùmọ̀kẹ́ ni, ìyá náà ti kú; aránṣọ ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí rédíò. Philomène ló sì gbẹ̀bí gbogbo ọmọ rẹ̀. Òun ló gbé ọ̀rọ̀ náà lórí, ó di alárinà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an.

"Falilatou, ẹ káàbọ̀," ni Philomène wí fún un. "Bó bá jẹ́ pé torí ọmọ yẹn lẹ ṣe wá, ẹ mumi, kí ẹ sì máa lọ."

Falilatou mu omi náà, ó sì lọ. Ó gun ọ̀kadà zémì dé Adakplamè. Àgbẹ̀ Akíndé ń bó àgbàdo lábẹ́ igi máńgòrò, kò gbé ojú sókè.

"Wọ́n fi orí ọmọ mi sára ẹran," ló wí. "Ọmọ tó ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń lo pọ́rútábù ló fi hàn mí, kò tètè rí i pé orí ọmọ mi ni. Falilatou, ṣé ilé tí ìyẹn ti wá ni kí n fi í fún? Bí inú bá bí wọn nítorí ọbẹ̀, kí ni wọn yóò fi orí rẹ̀ sí?"

"Ọmọkùnrin náà sọ̀rọ̀ fún un, ẹ̀gbọ́n."

"Ó sọ ọ́ nígbà tí ọjà ti tú."

Ilé méjèèjì kọ̀. Òjò bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbin ẹ̀wà, òjò dá. Romaric ń dé rédíò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kò gbé ìkéde dání mọ́; yóò kí i, yóò dúró díẹ̀, yóò sì lọ. Lọ́jọ́ kan Jùmọ̀kẹ́ ní kó jókòó.

"Mo gbọ́ ohun tí o sọ sínú ẹgbẹ́ yẹn," ló wí. "Ó pẹ́."

"Ó pẹ́. Ó yẹ kí n ti dìde nínú gbọ̀ngàn."

"Iṣẹ́ tí mo yàn yìí, wọn yóò tún bú mi."

"N ó dìde."

Kò ní òun gbà, kò ní òun kọ̀. Ó fún un ní ẹ̀pà kó jẹ, wọ́n sì jọ ń bó o títí àkókò ìkéde fi tó. Nígbà tí Romaric lọ tán, Jùmọ̀kẹ́ rí i pé òun ti ń retí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, inú sì bí i sí ara rẹ̀.

Láàárín ìgbà náà ni olùdarí fíìmù pè é láti Kutọnu pé apá kejì ń bọ̀. Owó ibẹ̀ dára ju ti àkọ́kọ́. Jùmọ̀kẹ́ ní òun yóò ṣe é bí wọ́n bá dá ẹsẹ̀ Ìyùnadé padà. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní kò sẹ́ni tó ń sanwó wo akọni tó ń tiro. Jùmọ̀kẹ́ kí i pé ó dàbọ̀, ó sì wọlé lọ ka ìkéde òkú. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni àfi Falilatou.

Wọ́n fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀, ọmọ ìlú ńlá kan tí kò gbọ́ Yorùbá dé ìdí. Fọ́tò rẹ̀ jáde, inú ẹgbẹ́ náà tún gbóná bí iná. Àwọn tó ń pe Jùmọ̀kẹ́ ní Olè Ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí kọ ọ́ pé, "Ti Adakplamè yẹn sàn, ó kéré tán ó mọ ìtàn náà." Prudence kà á, ó kórìíra wọn díẹ̀.

Ó gbé aṣọ lọ sí ọ̀dọ̀ Falilatou láti fi rán búláòsì. Falilatou ń wọn apá rẹ̀, ó sì sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ nípa ojú ọjọ́: "Ẹsẹ̀ ni ọmọ wa bèèrè lọ́wọ́ wọn. Wọ́n kọ̀, ó sì fi iṣẹ́ wọn sílẹ̀ fún wọn."

Nígbà tí Prudence padà wá gba búláòsì, ó bèèrè àkókò tí Jùmọ̀kẹ́ máa ń wá jẹun níbẹ̀, ó sì dúró dè é.

Bí Jùmọ̀kẹ́ ṣe wọlé tó rí i, ó dúró.

"Kí ló dé tí o gba ti àkọ́kọ́?" ni Prudence bèèrè. Kò kí i.

"Òkìkí ń wù mí," ni Jùmọ̀kẹ́ wí. "Mo ti kọ́ ìrìn náà. Mo fi í rìn dé ọjà, dé ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí a débẹ̀, wọ́n ní kí n rìn dáadáa, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kí n máa lọ sílé. Mo sunkún, mo bọ́jú, mo sì mú idà. Ẹnikẹ́ni kò fipá mú mi."

Prudence ti ń retí àwáwí. Ó ti to ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀. Kò rí ibi tí yóò fi í sí.

"Rìn ín kí n rí i."

"Níbí?"

"Rìn ín."

Jùmọ̀kẹ́ rìn láti ibi ẹ̀rọ ìránṣọ dé ẹnu ọ̀nà, ó ń fa ẹsẹ̀ òsì. Prudence wò ó, ojú rẹ̀ le.

"Kò dáa rárá. O ń rìn bí ẹni tí ẹ̀gún gún. Kò dun Ìyùnadé, bẹ́ẹ̀ ni kò dun èmi náà. Ìbàdí ló ń gbé e, kì í ṣe orúnkún. Wò ó." Ó dìde, ó rìn. "Tún un ṣe."

Jùmọ̀kẹ́ tún un ṣe, ó tún un ṣe, títí Prudence fi ní, "Ó fẹ́ jọ ọ́ báyìí." Lẹ́yìn náà ló mú búláòsì rẹ̀. "Mi ò tíì fẹ́ràn rẹ o."

"Mo mọ̀."

"Fofó mi ti gbẹ. Bó bá jẹ́ pé o máa gbà á, gbà á. Bí o ò bá gbà á, jẹ́ kó mọ̀, kó lè jẹun."

Ohun tí Prudence bá ìyá rẹ̀ sọ nílé lọ́jọ́ náà, àwọn méjèèjì nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Philomène fúnra rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù Falilatou. Ó ní, "Mi ò sọ pé mo gbà. Mo ní kí ẹ bá wa bèèrè ọjọ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀." Jùmọ̀kẹ́ náà ti gbà fún Romaric, ó sọ ọ́ fún un lójú ọ̀nà, kó má baà lè pariwo ayọ̀.

Romaric àti àwọn ará ilé rẹ̀ dé Adakplamè ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú ọyẹ́. Àgbẹ̀ Akíndé jókòó pẹ̀lú àwọn ẹbí rẹ̀, ó sì gbà wọ́n bí ẹni tó ń gba agbowó-orí. Romaric dọ̀bálẹ̀. Bàbá kò ní kó dìde.

"Kí n tó gbọ́ ohunkóhun," ló wí, "ta ló kọ́kọ́ bú ọmọ mi?"

Romaric gbé orí sókè láti ilẹ̀, ó fẹ́ gbà á sọ́rùn, ṣùgbọ́n Prudence ti ń dìde lórí ẹní. Gbogbo ojú tẹ̀ lé ẹsẹ̀ rẹ̀ títí ó fi dé iwájú Bàbá, ó sì kúnlẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìkúnlẹ̀ kò rọrùn fún un.

"Èmi ni, Bàbá. Ohun tí mo sọ nípa fíìmù, mi ò kó o jẹ. N ó tún un sọ lọ́la. Ṣùgbọ́n mo pe ọmọ yín ní ewúrẹ́, àwọn ẹlòmíràn sì fi ọ̀rọ̀ mi ya àwòrán. Ìyẹn kò yẹ kó ti ẹnu mi jáde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí."

Àgbẹ̀ Akíndé wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wo ojú rẹ̀.

"Fíìmù náà burú tó bẹ́ẹ̀?"

"Ó burú, Bàbá."

Ó yíjú sí ọmọ tirẹ̀ tó wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá. "Jùmọ̀kẹ́?"

"Ó burú, Bàbá," ni Jùmọ̀kẹ́ wí.

Àgbẹ̀ Akíndé nu ẹnu rẹ̀. "Èmi sì ti sọ fún gbogbo Adakplamè pé kò sí irú rẹ̀ láyé. Wọ́n fi hàn mí nínú pọ́rútábù, mo sùn lọ níbi òkè yẹn."

Philomène ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín náà sì tún yọ. Ẹ̀rín ran gbogbo ilé. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé Prudence dìde, ó sì fi ẹsẹ̀ kan Romaric ní èjìká.

"Dìde. Ilé tí wọ́n ti lè sọ òótọ́ fún mi lójú mi, n ó fún un lọ́mọ."

Wọ́n gbé ọtí sódábì jáde. Falilatou bẹ̀rẹ̀ sí tú ẹrù ìdána, ó ń pe ìyàwó kó jáde wá. Àgbẹ̀ Akíndé na ọwọ́ sí i pé kó ní sùúrù. Ó fa àga sún mọ́ Prudence.

"Ìwé náà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Sọ ọ́ fún mi bó ṣe yẹ kó rí."

Prudence bẹ̀rẹ̀. Jùmọ̀kẹ́ wá jókòó tì í lórí ẹní, ó ń gbé ohùn Ọba Ìjì jáde nígbà tí ó bá kàn án. Falilatou kígbe pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n gba ìyàwó ná. Bàbá kò tilẹ̀ yíjú.

"Ẹ dákẹ́," ló wí. "Ọba Ìjì ń ka ìṣísẹ̀ rẹ̀."